Òrí Lára Sípíkà

"Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa, Bàbá!" Bàbá mi ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ sí bàbá àgbà tó jókòó níwájú sípíkà wa. Ó tẹ bọ́tìnnì, kásẹ́ẹ̀tì sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bàbá àgbà náà tẹ orí síwájú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbe etí rẹ̀ ọ̀tún, gbogbo wa di èémí mú. Ohun tó jáde kì í ṣe ohùn ènìyàn rárá. "Gbrrr," ni sípíkà ṣe, "gbrrr, fààà, gbrrr," bí ìgbà tí èèyàn ń ya bébà sínú agolo. Díẹ̀ nínú rẹ̀ dé etí bàbá àgbà, nítorí ó yíjú sí bàbá mi tìyanutìyanu. "Tíṣà," ló wí, "ṣé èdè Faransé lọmọ mi ń sọ yìí?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ìyá mi kó tó mọ̀. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn pálọ̀ ni mo dúró sí. Mo mọ ohun tó ṣe sípíkà náà, nítorí èmi gan-an ni mo ṣe é.

Ìparí àwọn ọdún 1980 ni, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, nínú ìsinmi Kérésì. Ọyẹ́ ọdún yẹn kò fojú ire wo ẹnikẹ́ni. Ètè wa ń bẹ́ bí a bá ya ẹnu láti rẹ́rìn-ín, eruku sì ti sọ orí gbogbo ọmọ àdúgbò di ti arúgbó.

Ògiri kan ló wà láàárín ilé bàbá àgbà yìí àti ilé wa. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí àwa ọmọdé kò tilẹ̀ mọ orúkọ kankan fún un ju Bàbá lọ. Oníṣọ̀nà awọ ni. Ó máa ń ṣe tìmùtìmù, ó ń ṣe sálúbàtà, ó sì ń rán àpò tí àwọn àlùfáà ń fi Kùránì sí. Bó bá ti kírun Àsùbáà tán báyìí, màá ti máa gbọ́ òòlù rẹ̀ láti orí ẹní mi, kó, kó, kó, lórí pátákó. Òórùn ibi iṣẹ́ rẹ̀ máa ń fo ògiri wá bá wa: òórùn awọ ewúrẹ́ tó rùn díẹ̀ tó sì dùn díẹ̀, pẹ̀lú òórùn omi pòròpórò ọkà bàbà tó fi ń rẹ awọ kó lè pupa. Ìka ọwọ́ rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pupa títí dé àárín. Bó bá rí mi, á ní, "Ìyàwó mi, o ò tíì se oúnjẹ mi ni?" Èmi náà á pariwo pé ó wà lórí iná. Ẹ ní láti pariwo, nítorí etí rẹ̀ ti di. Ẹni tó bá kí i ní ohùn jẹ́jẹ́, afẹ́fẹ́ ló kí.

Ẹ̀rọ orin bàbá mi ni gbogbo àdúgbò mọ̀ sí "sẹ́ẹ̀tì Tíṣà". Bàbá mi rà á lọ́wọ́ olùkọ́ kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Sípíkà méjì tó ga dé ìbàdí mi ló bá a wá, ìyá mi sì hun aṣọ funfun bo ẹ̀rọ náà, ó gbé òdòdó oníke lé e lórí. Ìyẹn kò dá àwọn aládùúgbò dúró. Ẹni tó bá fẹ́ kó ọmọ jáde á wá kúnlẹ̀, á ní kí Tíṣà jọ̀ọ́ yá òun ní sẹ́ẹ̀tì, bàbá mi kò sì mọ bí èèyàn ṣe ń sọ pé rárá. Sípíkà tí wọ́n ṣe fún inú yàrá, wọ́n á gbé e síta gbangba lábẹ́ oòrùn, wọ́n á yí ohùn rẹ̀ títí tí kò fi ní síbi tó tún lè yí dé. Níbi ìkómọ kan báyìí ni sípíkà ọ̀tún ti kígbe, tó rú èéfín díẹ̀, tó sì dákẹ́. Ẹnìkan tó pe ara rẹ̀ ní onírédíò wá tú u jáde, ó ní òun fẹ́ lọ yí wáyà tuntun sí i nínú. Títí di òní la ṣì ń retí rẹ̀. Àpótí òfìfo ló kù lápá ọ̀tún, èkúté sì bímọ sínú rẹ̀.

Sípíkà òsì nìkan ló wá kù, èmi ni wọ́n sì ní kó máa nu eruku rẹ̀. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn gan-an! Aṣọ dúdú tó bo iwájú rẹ̀ ṣeé yọ. Bí mo bá yọ ọ́, màá rí bébà dúdú tó rí bí abọ́, ìdodo róbótó kan láàárín rẹ̀, àti rọ́bà rírọ̀ tó yí etí bébà náà ká tó so ó mọ́ irin. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i pé ọyẹ́ ti mú rọ́bà yẹn. Ó ti gbẹ, ó ti ń sán wẹ́wẹ́ bíi gìgísẹ̀ mi. Ìyá mi sì ń fi òrí pa wá lára láràárọ̀, ó máa ń sọ pé ara tí ọyẹ́ bá ń bẹ́, òrí ló ń fẹ́. Ta ni yóò wá bá sípíkà fi òrí para? Mo bu òrí nínú igbá ìyá mi, mo fi pa rọ́bà náà yíká. Òrí ṣì kù lọ́wọ́ mi, mo bá fi pa bébà náà pẹ̀lú. Bí mo ṣe ṣe fún bí ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn. Ó ń dán gbinrin, inú mi ń dùn, mo ń fi ara mi yangàn láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tí n kò tètè mọ̀ ni pé òrí ń sọ rọ́bà di jẹ̀lẹ̀jẹ̀lẹ̀. Èkúté inú àpótí ọ̀tún ní tirẹ̀ sì gbóòórùn, ó rékọjá wá sí àpótí òsì, ó jẹ rọ́bà náà yíká bí ẹni jẹ etí àkàrà. Lọ́jọ́ tí sípíkà ṣe gbrrr níwájú bàbá àgbà, bàbá mi rí ìgbẹ́ èkúté nílẹ̀, ó sì dá èkúté lẹ́bi lójú ẹsẹ̀. Èkúté kò kúkú lẹ́nu tó máa fi sọ pé ẹnìkan ló fi òrí sí i kó lè dùn. Èmi tí mo lẹ́nu, mo pa tèmi mọ́.

Ká ní ọ̀rọ̀ náà mọ sórí orin ni, mi ò bá ti jẹ́ kó dùn mí jù. Àmọ́ kásẹ́ẹ̀tì tó wà nínú ẹ̀rọ lọ́jọ́ Túsìdeè yẹn, láti Àbíjàn ló ti wá. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí bàbá àgbà yìí bí ló ti lọ ṣòwò níbẹ̀ láti ọdún mẹ́rin, kò sì tíì wálé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń tajà ló wá ṣọdún ní Ọ̀yọ́, òun ló mú kásẹ́ẹ̀tì náà wá. Ọmọ ti sọ̀rọ̀ sí ojú kan, ó fi ojú kejì sílẹ̀ lófìfo kí bàbá rẹ̀ lè fèsì sí i. Àárọ̀ Sátidé sì ni ọ̀rẹ́ yìí ń padà. Wọ́n ti kọ́kọ́ fi rédíò kékeré ọ̀rẹ́ náà gbọ́ ọ. Bàbá àgbà ní fín-ín-fín-ín bí ẹ̀fọn lòun ń gbọ́. Ọ̀rẹ́ yẹn ní kò burú, òun á máa gbọ́, òun á sì máa pariwo rẹ̀ sí wọn létí. Bàbá àgbà kọ̀ jálẹ̀. "Ìròyìn ọmọ mi ti sú mi," ló wí. "Gbogbo ẹni tó bá ti Àbíjàn dé ló ń mú ìròyìn wá. Ohùn rẹ̀ ni mo fẹ́." Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi wá sọ́dọ̀ sẹ́ẹ̀tì Tíṣà, tó jókòó síwájú sípíkà kan ṣoṣo tí mo ti bàjẹ́.

Ní àárọ̀ Wẹ́sìdeè, bàbá mi tú sípíkà náà kúrò nínú àpótí, ó fi aṣọ wé e, ó ní Ògbómọ̀ṣọ́ yá, ẹnìkan wà lọ́jà Igbó tó mọ iṣẹ́ rédíò. Bàbá àgbà ti wọ agbádá sílẹ̀ ní tirẹ̀. "Ìyàwó mi ń bá mi lọ," ló sọ. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé ọ̀daràn ni mí! N kò tíì dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Orí ẹsẹ̀ mi ni wọ́n gbé sípíkà lé nínú ọkọ̀, ó wúwo bí ọmọ ọdún kan. Ìkùukùu ọyẹ́ bo ọ̀nà, a ò rí ju igi mélòó kan lọ níwájú, awakọ̀ sì ń tẹ fèrè láìdákẹ́. Bàbá àgbà ń sọ fún gbogbo èrò ọkọ̀, ní ohùn òkè tí àwọn tí etí wọn ti di máa ń lò, pé ọmọ òun ń bẹ nínú kásẹ́ẹ̀tì, a sì ń lọ tọ́jú ẹnu rẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ ló ń ṣàdúrà fún wa.

Ṣọ́ọ̀bù onírédíò náà kò ju fífẹ̀ ẹní méjì lọ. Tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti ṣí ẹ̀yìn wọn sílẹ̀ kún ibẹ̀ dé òrùlé, òórùn lẹ́ẹ̀dì yíyọ́ tí wọ́n fi ń so wáyà pọ̀ sì gbà mí nímú kan. Ẹnjiníà ni gbogbo ọjà ń pè é. Ó tú aṣọ lára sípíkà wa, ó mú bátìrì kékeré kan, ó fi wáyà méjì kàn án. "Tọ́," ni sípíkà dáhùn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè.

"Wáyà inú rẹ̀ wà láàyè, ọ̀gá Tíṣà," ló sọ fún bàbá mi. "Etí rẹ̀ ni èkúté jẹ. Ẹ wò ó, ohun tó ń ba sípíkà jẹ́ kò kúkú pọ̀. Ẹ yí ohùn ju agbára ẹ̀rọ lọ, wáyà á jó. Ọmọdé fi ìka ti ìdodo rẹ̀ wọlé, ó parí. Tàbí kí rọ́bà gbẹ, kí nǹkan sì jẹ ẹ́." Bó ṣe dárúkọ ọmọdé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹsẹ̀ ara mi bí ẹni tí kò rí i rí. Bàbá mi bi í bóyá ó ní rọ́bà mìíràn. Ó mi orí. "Wọn kì í ta rọ́bà lọ́tọ̀. Odindi sípíkà lẹ máa pààrọ̀, irú eléyìí kò sì sí ní Ògbómọ̀ṣọ́ yìí. Tí mo bá ránṣẹ́ sí Èkó, ọ̀sẹ̀ méjì."

Bàbá mi pariwo ọ̀sẹ̀ méjì náà sí bàbá àgbà létí. Bàbá àgbà gba sípíkà náà, ó fi àtàǹpàkò pupa rẹ̀ rọra ti bébà wọlé, ó jẹ́ kó padà, ó tún tì í. "Kí ni rọ́bà yẹn ń ṣe níbẹ̀ gan-an?" ló bèèrè.

"Òun ló ń jẹ́ kí bébà lè lọ síwájú, kó lè padà sẹ́yìn, Bàbá!" Ẹnjiníà ti ń pariwo, àwọn èèyàn sì ti ń yà wá wò wá. "Kò gbọ́dọ̀ le! Kò sì gbọ́dọ̀ dẹ̀ jù!"

"Kò gbọ́dọ̀ le, kò gbọ́dọ̀ dẹ̀ jù," bàbá àgbà tún un sọ sínú ara rẹ̀. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Awọ ọmọ ewúrẹ́ nìyẹn."

"Ẹ̀yin Bàbá, sípíkà ni o, kì í ṣe sálúbàtà!"

Àwọn tó ń wòran bú sẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ bóyá bàbá àgbà kò gbọ́ ni àbí ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó ní kí wọ́n fi sípíkà mìíràn tí etí rẹ̀ pé han òun. Kékeré ni èyí tí wọ́n mú wá, kò lè bá tiwa mu, ṣùgbọ́n bàbá àgbà fara balẹ̀ wò ó: ó fi ìka tọ ibi tí rọ́bà gbé rí rìbìtì, ó fa òwú yọ lápò, ó wọn tiwa yíká, ó ta kókó sí i. Nígbà tó ṣe, Ẹnjiníà fi ẹ̀rín sílẹ̀. Ó gbé àga sún mọ́ ọn, ó fún un ní gọ́ọ̀mù agolo kan, ó sì kọ́ ọ bí yóò ṣe yọ ìdodo yẹn, tí yóò ki káàdì tó gé wẹ́wẹ́ yí wáyà inú ká kó lè dúró láàárín gangan títí gọ́ọ̀mù yóò fi gbẹ. "Tí kò bá wà láàárín, á máa ha, Bàbá!" ló ń pariwo. "Á máa ha!" Bí a ṣe ń lọ, ó tẹ̀lé wa dé etí ọ̀nà, ó ní bó bá ṣeé ṣe kí a jẹ́ kí òun gbọ́ bó ṣe rí.

Tọ́sìdeè! N kò jẹun àárọ̀. Mo ti fo ògiri kí ìyá mi tó pè mí. Bàbá àgbà mú awọ ọmọ ewúrẹ́ kan, ó tẹ́ ẹ sórí pátákó, ó sì ń fi ọ̀bẹ fá inú rẹ̀ títí tó fi fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Ó rẹ ẹ́ sómi. Ó fi okùn yí etí abọ́ tánganran kan ká, ó na awọ tútù yẹn lé okùn náà lórí, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó ń kọrin àwọn ìmálé sínú jẹ́jẹ́. Nígbà tí ọyẹ́ fi máa gbẹ ẹ́, tí kò pẹ́ rárá, awọ yẹn ti gba ìrísí rọ́bà náà, rìbìtì rìbìtì yíká. Mo pàtẹ́wọ́. Ó gé inú rẹ̀, ó gé ìta rẹ̀, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà, ó ki káàdì wẹ́wẹ́ sínú, ó sì ní kí gbogbo wa lọ fún un láyè.

Ní ìrọ̀lẹ́, bó ṣe fi ìka kan awọ náà báyìí, ó ṣí kúrò lára bébà. Ó tún un lẹ̀. Ó dúró fún ìgbà díẹ̀, ó tún ṣí, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Lára irin, ó lẹ̀ dáadáa. Lára bébà nìkan ni kò ti gbà. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta, ó tún ṣí. Ó fi awọ náà sílẹ̀. Ó nu ọ̀bẹ rẹ̀, ó nu òòlù, ó ń kó wọn sínú àpò lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ọwọ́ mi ti gbó," ló sọ fún bàbá mi. "Nígbà kan, kò sí ohun tí mo lẹ̀ tó ń ṣí. Sọ fún ọmọ Àbíjàn yẹn kó bá mi kí ọmọ mi. Kó ní mo wà."

Bàbá mi jáde lọ bá ọ̀rẹ́ ọmọ náà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn méjèèjì sì dúró, wọ́n ń mi orí. Èmi nìkan ló kù lọ́dọ̀ bàbá àgbà. Èmi mọ ìdí tí gọ́ọ̀mù kò fi mú, nítorí ìka tèmi náà kì í di nǹkan mú bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òrí para tán. Mo sún mọ́ ọn. "Bàbá," mo wí, ohùn mi ò ju ti kòkòrò lọ, "mo fi òrí pa á lára."

"Kí lo wí, ìyàwó mi?"

"Sípíkà. Mo fi òrí pa á lára."

"Sọ̀rọ̀ sókè, n kò gbọ́ ọ."

Mo wo ẹnu ọ̀nà, mo rí bàbá mi. Mo wo àgbàlá, mo rí àwọn obìnrin ilé níbi tí wọ́n gbé ń gún iyán. Mo gbọ́ ìyá mi lẹ́yìn ògiri, ó ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá jẹ̀bi lọ́dọ̀ ẹni tí etí rẹ̀ jí, ẹ lè rọra sọ ọ́ fún un kó mọ síbẹ̀. Èmi kò ní irú àǹfààní yẹn. Mo di ojú mi pinpin, mo ya ẹnu.

"ÒRÍ NI O! MO FI ÒRÍ PA SÍPÍKÀ LÁRA! LÁRÀÁRỌ̀ NI MO Ń PA Á! ÒRÍ LÈKÚTÉ GBÓÒÓRÙN TÓ FI JẸ Ẹ́! BÉBÀ YẸN NÁÀ, ÒRÍ WÀ LÁRA Ẹ̀!"

Ọmọ odó dákẹ́. Ìyá mi dákẹ́. Nígbà tí mo lajú, bàbá mi ti dúró tì mí, ọwọ́ rẹ̀ ti ń bọ̀ wá sí etí mi. Bàbá àgbà kò tilẹ̀ wò wá. Ó fi ìka nu bébà náà, ó gbé ìka sí imú, ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Lójijì, ó dìde dúró. Ẹ ò rí irú ìdùnnú bẹ́ẹ̀ rí lójú arúgbó!

"Kì í ṣe ọwọ́ mi!" ló kígbe. "Tíṣà, òrí ni! Kì í ṣe ọwọ́ mi o!" Ó gbé apá méjèèjì sókè, ó yí po lójú kan, sálúbàtà rẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀. "Fi ọmọ yẹn sílẹ̀ o jàre. Ẹ̀yin àgbà wo ibẹ̀ títí, òun ló sọ ibi tí àrùn wà."

"A ó sọ̀rọ̀ tó bá yá," ni bàbá mi wí fún mi. A ò padà sọ ọ́ rárá.

Oníṣọ̀nà awọ tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọ̀rá kò tíì mọ iṣẹ́. Ní òwúrọ̀ Jímọ̀, ó lọ ẹfun kúnná, ó bù ú sórí bébà, ó fi sílẹ̀ kó fa òrí náà mu, ó gbọ̀n ọ́n dànù, ó tún bu òmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe é. Lẹ́yìn ìyẹn, ó fi òwú tó kan bẹntiróòlù díẹ̀ nù ún, ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun. Gọ́ọ̀mù wá mú! Ó mú débi pé nígbà tó fi ìka fà á, gbogbo bébà ló tẹ̀lé awọ. Nígbà tó ti Jímọ̀ dé, ó fa àwọn káàdì wẹ́wẹ́ yọ, ó lẹ ìdodo padà, bàbá mi sì dè é mọ́ inú àpótí.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì, pálọ̀ wa kò gba ẹsẹ̀ mọ́. Gbogbo àwọn tó gbọ́ igbe mi lánàá ló wá, àwọn tí kò gbọ́ náà wá. Iná wà, a sì ń gbàdúrà sínú kí wọ́n má mú un lọ. Bàbá àgbà jókòó sórí àpótí ìjókòó kúkúrú, orúnkún rẹ̀ kan sípíkà. Bàbá mi tẹ bọ́tìnnì. A kọ́kọ́ gbọ́ ṣàààà. Mo gé ètè mi jẹ. Ohùn ọkùnrin kan sì jáde, ó nípọn, ó mọ́, kò ha rárá, bí ẹni pé ó jókòó sínú àpótí náà pẹ̀lú wa.

"Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìfaradà ọyẹ́. Èmi ni o. Mo kúkú mọ̀ pé ẹ ò ní gbọ́ mi. Ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pariwo rẹ̀ sí wọn létí."

"Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ pariwo!" bàbá àgbà ké mọ́ sípíkà. "Mo ń gbọ́! Mo ń gbọ́ ọ, ọmọ mi!"

Bàbá mi yí ohùn sókè sí i, bẹ́ẹ̀ ni mo rí awọ ewúrẹ́ yẹn tó ń mí lọ tó ń mí bọ̀. Ọmọ náà ní ọjà ń lọ, ó ní ara le. Ó wá ní kí wọ́n bá òun sọ fún bàbá òun pé ìyàwó òun ti bí obìnrin. Ariwo sọ nínú pálọ̀, bàbá àgbà na ọwọ́ kó lè dá wa lẹ́kun, nítorí nǹkan mìíràn ti ń jáde: ẹkún ọmọ tuntun, tó mú gan-an. Ó di àpótí náà mú lọ́wọ́ ọ̀tún àti lọ́wọ́ òsì, ó gbé ojú rẹ̀ lé iwájú rẹ̀. Omi ń dà lójú rẹ̀ sórí sípíkà, kò sì sẹ́ni tó ní kó máa ṣọ́ra. Èmi náà ń sunkún, mò ń fò sókè, mi ò mọ èyí tí mo ń ṣe nínú méjèèjì.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin la gbọ́ ọ kí bàbá mi tó yí kásẹ́ẹ̀tì sí ojú kejì. Ó gbé maiki kékeré tó bá ẹ̀rọ náà wá sí bàbá àgbà lẹ́nu, ó ní ó yá, ẹ fèsì. Gbogbo wa ń retí kó béèrè orúkọ ọmọ, kó béèrè ìgbà tí wọ́n ń bọ̀. Ó béèrè wọn tó bá yá. Ohun tó kọ́kọ́ sọ, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ariwo rẹ̀ fọ́ maiki, ni pé: "Mo gbọ́ ohùn rẹ. Má tún rán ẹnikẹ́ni sí mi mọ́. Ìwọ ni kó máa bá mi sọ̀rọ̀."

Ọjọ́ ti pẹ́ sí ìgbà yẹn. Bàbá àgbà ti lọ, bàbá mi náà ti tẹ̀lé e, etí ìyá mi sì ti di báyìí. Àwọn àbúrò mi máa ń sọ fún mi pé kí n má ṣe ara mi ní wàhálà, kí n pe ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá wa lórí fóònù, òun á bá mi jíṣẹ́. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé mo ti gbọ́, màá sì wọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́. Màá jókòó ti ìyá mi, orúnkún mi á kan tiwọn, màá pariwo gbogbo ọ̀rọ̀ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ mi, èyí tí mo tún rí, ọmọ mi tó ń ṣàìsàn, ìjà èmi àti ọkọ mi. Gbogbo Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló mọ ọ̀rọ̀ ilé mi. Kò dùn mí. Ẹnu mi ni ìyá mi ti gbọ́ ọ.